Orin Nídìí Ẹja Yíyan

Wọ́n wà láàárín orin kejì nínú ilé ìjọsìn nígbà tí ẹnì kan fọn fèrè létí omi.

Hadassah gbọ́ ọ, ṣùgbọ́n ọwọ́ rẹ̀ kò kúrò lára ṣẹ́lò, gòjé òyìnbó ńlá tó fi orúnkún méjèèjì há mọ́ra. Apá tó lọ́ra jù nínú orin náà ni wọ́n ń ta, níbi tí fáólìn àkọ́kọ́ ti máa ń dá gbóhùn sókè bí ẹni tó ń ronú, tí àwọn mẹ́ta yòókù á sì máa tẹ̀ lé e jẹ́jẹ́. Fèrè náà tún dún. Ìgbà yẹn ló rí ìyá rẹ̀ tó dìde lórí bẹ́ǹṣì iwájú.

Ìyá rẹ̀ kò wo ọ̀dọ̀ rẹ̀. Ó ká ìró rẹ̀ sókè, ó fa abọ́ ike ńlá kan yọ lábẹ́ bẹ́ǹṣì, ó sì gba ẹnu ọ̀nà jáde. Ìyá Japhet tí wọ́n jọ jókòó tẹ̀ lé e. Lẹ́yìn náà, ńṣe ni gbogbo obìnrin inú ilé ìjọsìn náà dìde lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Abọ́ ń kan abọ́. Ìjọ aláṣọ funfun ni, ẹnikẹ́ni kì í wọ bàtà wọlé, nítorí náà wọ́n ṣù mọ́ ẹnu ọ̀nà, wọ́n ń fi ẹsẹ̀ wá bàtà wọn. Ẹnì kan ń sọ pé, "Gbé ẹsẹ̀ kúrò níbẹ̀, tèmi nìyẹn." Kí ariwo náà tó rọlẹ̀, àwọn bàbá arúgbó mélòó kan àti Wòlíì Bọ́dúndé ló kù lórí ìjókòó. Ọ̀kan nínú àwọn bàbá náà sì ti sùn lọ.

Fọlájìmí, olórí ẹgbẹ́ wọn, gbé ọ̀pá fáólìn rẹ̀ kúrò lórí okùn. Àwọn yòókù náà dákẹ́.

"Kí ló ṣẹlẹ̀?" ló bi Hadassah. "Ṣé ilé ń jó ni?"

"Ọkọ̀ ló dé."

"Ọkọ̀ wo?"

"Ọkọ̀ ẹja."

Fọlájìmí wo àwọn bẹ́ǹṣì tó ṣófo. Ó tẹ́ fáólìn rẹ̀ sínú àpótí rẹ̀, ó sì pa á dé.

Àwọn mẹ́rin tó jọ kọ́ orin ní yunifásítì ní Akọka ni wọ́n. Fáólìn méjì, fióla kan tó tóbi jù wọ́n díẹ̀, ṣẹ́lò kan. Orin àwọn òyìnbó àtijọ́ ni wọ́n ń ta, orin tí kò ní akọrin, tó jẹ́ okùn nìkan ló ń sọ̀rọ̀ nínú rẹ̀. Ní Èkó, ẹni tó bá fẹ́ gbọ́ irú rẹ̀ á wọ aṣọ tó dáa lọ sí gbọ̀ngàn ńlá ní Ìkòyí. Àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin wá pinnu pé àwọn á máa gbé e lọ bá àwọn tí kò lè lọ sí Ìkòyí. Wọ́n ti ta á ní ilé ìwé kan ní Abúlé Òkúta. Wọ́n ti ta á fún àwọn aláboyún tó jókòó de nọ́ọ̀sì ní Ṣómólú. Hadassah ló bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n wá sí etí ọ̀sà ní Bàrígà, láàárín àwọn apẹja Ìlàjẹ, níbi tí wọ́n ti bí òun.

Kò sọ ìdí tó fi ń bẹ̀ wọ́n tó bẹ́ẹ̀ fún wọn. Láti ọdún tó ti ń kọ́ ṣẹ́lò, ìyá rẹ̀ kò tíì gbọ́ ọ rí. Ohun kan ṣoṣo tó ń fẹ́ ni pé kí ìyá òun jókòó, kí ó gbọ́ orin kan láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin.

Níta, Tàwàkálítù tó ń ta fáólìn kejì ń yí bàtà kiri lẹ́nu ọ̀nà.

"Wọ́n ti wọ bàtà mi lọ," ló sọ. "Ẹni tó wọ̀ ọ́ fi sílípáàsì méjì sílẹ̀ fún mi, òsì ni méjèèjì."

"Máa fi ẹsẹ̀ òsì méjì rìn délé," ni Kọ́ládé onífióla sọ. "Àwọn ará Ṣómólú á sọ pé Bàrígà ti kọ́ ẹ níjó tuntun."

"Ẹ má fi ṣeré," ni Fọlájìmí sọ. "Mo ti ta fáólìn níbi tí àwọn èèyàn ti ń sùn. Mo ti ta á níbi tí ọmọ ti ń ké. Mi ò tíì rí ibi tí gbogbo èèyàn ti dìde lẹ́ẹ̀kan náà rí."

"Kì í ṣe àfojúdi," ni Hadassah sọ.

"Kí ló wá jẹ́? Ìyá ẹ ló kọ́kọ́ dìde."

Hadassah bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó ń bá Tàwàkálítù wá bàtà.

"Àwọn ibi tó kù fún wa lọ́dún yìí, ẹ jẹ́ ká kó gbogbo ẹ̀ lọ sí Ọbaníkòró," ni Fọlájìmí tún sọ. Ìbínú ti kúrò lóhùn rẹ̀, ó kàn rẹ̀ ẹ́ ni. "Gbọ̀ngàn wà níbẹ̀. Fáànù wà níbẹ̀. Àwọn èèyàn ibẹ̀ mọ bí wọ́n ṣe ń jókòó gbọ́ orin. Tá a bá pàdé lọ́jọ́bọ̀, ká fẹnu kò sí i."

"Tí wọ́n bá ti mọ̀ ọ́n, kí la tún fẹ́ lọ ṣe fún wọn?" ni Tàwàkálítù sọ. "Àwọn tí kò gbọ́ ọ rí la ní à ń wá lọ."

Fọlájìmí gbé àpótí fáólìn rẹ̀ kọ́ èjìká, ó sì ń lọ.

Nírọ̀lẹ́, Hadassah lọ bá ìyá rẹ̀ nídìí ẹja. Abẹ́ páànù ni, orí pákó tí wọ́n tẹ́ sórí òpó nínú omi. Àgbá irin tí wọ́n gé sí méjì ni ààrò, wọ́n sì fi wáyà bo ẹnu wọn. Igi ti ràn nísàlẹ̀. Epìyà àti òbòkún tí wọ́n ti fọ̀, tí wọ́n ti ká ìrù wọn bọ ẹnu, ń dúró de ìgbà tiwọn nínú abọ́. Hadassah fa àpótí ìjókòó kan, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í fọ èyí tó kù láìkí ẹnikẹ́ni tó wà ní ààrò kejì.

"O ti jẹun?" ni ìyá rẹ̀ bi í.

"Ebi ò pa mí."

"Inú ń bí ẹ."

"Inú ò bí mi, Mọ́mì."

"Ó ń bí ẹ. Ẹja tó ò ń fọ̀ yẹn ò sì ṣẹ̀ ẹ́. Rọra."

Hadassah rọra. Lẹ́yìn ìgbà díẹ̀, ó ní, "Ẹ ò lè dúró díẹ̀ ni? Orin yẹn ò ní pẹ́ parí mọ́."

"Kí n dúró, kí Ìyá Japhet lọ fọwọ́ kan ọkọ̀ Akínlẹ́yẹ?"

Ní èbúté tiwọn, obìnrin tó bá kọ́kọ́ fọwọ́ kan etí ọkọ̀ tó gúnlẹ̀ ló máa ra ẹja inú rẹ̀. Akínlẹ́yẹ tí wọ́n ń sọ yìí, àbúrò ìyá Hadassah ni, ọmọ ìyá kan náà. Ìyẹn ò ní kí ó má ta ẹja fún ẹlòmíràn bí ọwọ́ ẹlòmíràn bá kọ́kọ́ kan ọkọ̀ rẹ̀. Wọn kì í jà sí i. Wọn kì í sì í bẹ ara wọn lórí rẹ̀. Ẹni tí kò bá sí níbẹ̀, kò sí níbẹ̀ nìyẹn, ààrò rẹ̀ á sì tutù títí ọkọ̀ mìíràn á fi dé.

"Ẹ ò sọ fún mi pé ọkọ̀ máa dé lásìkò yẹn," ni Hadassah sọ.

"O bi mí?"

"Mo ti sọ fún yín lọ́sẹ̀ tó kọjá. Mo sọ ọjọ́, mo sọ aago."

"O sọ fún mi. O ò bi mí." Ìyá rẹ̀ mú òbòkún kan, ó tẹ́ ẹ sórí wáyà. "O dúró lórí pákó yìí, o ní, 'Mọ́mì, aago mẹ́rin lọ́jọ́ Sátidé, ẹ má pẹ́ o.' Bí ọ̀gá ọ́fíìsì. Mo ní kí n má já ọ̀rọ̀ gbà mọ́ ẹ lẹ́nu. Mo rò pé ìwọ àti omi ti jọ sọ̀rọ̀."

Obìnrin tó wà ní ààrò kejì rẹ́rìn-ín sínú. Hadassah tẹjú mọ́ ẹja ọwọ́ rẹ̀. Nígbà tó wà ní kékeré, bó bá ti wo ojú omi àti ibi tí afẹ́fẹ́ ń fẹ́ sí, ó máa ń mọ̀ bóyá àwọn apẹja á tètè wálé. Ṣùgbọ́n ní Akọka, aago ló ń sọ gbogbo nǹkan fún èèyàn. Wòlíì Bọ́dúndé pàápàá bi í nígbà tó lọ tọrọ ilé ìjọsìn. Ó ní, "Ṣé ẹ ti jọ sọ ọ́, ìwọ àti ìyá rẹ?" Hadassah sì dáhùn kíákíá pé bẹ́ẹ̀ ni.

"Nǹkan mìíràn tún wà," ni ìyá rẹ̀ ń bá a lọ. "Ọ̀gá yín yẹn, èyí tó wọ awò ojú. Kó tó bẹ̀rẹ̀, ó ní ká má sọ̀rọ̀, ká má jáde, ká má pàtẹ́wọ́ àyàfi tóun bá ní ká pa á. Mo wo Ìyá Japhet, Ìyá Japhet wo èmi náà. A rò pé ẹnì kan ló kú tí wọn ò tíì fẹ́ sọ fún wa."

Hadassah kò mọ ìgbà tó bú sẹ́rìn-ín.

"Bí wọ́n ṣe máa ń gbọ́ ọ nìyẹn, Mọ́mì. Níbi gbogbo ni."

"Ibí yìí náà wà lára ibi gbogbo."

Èéfín yí sọ́dọ̀ wọn, àwọn méjèèjì sì di ojú títí ó fi kọjá. Nígbà tí ìyá rẹ̀ la ojú, ó nu omi ojú rẹ̀ pẹ̀lú ẹ̀yìn ọwọ́.

"Ṣùgbọ́n èyí tí ìwọ ń ta yẹn, ńlá yẹn," ló sọ, "ohùn rẹ̀ dáa. Mi ò mọ̀ pé bó ṣe rí nìyẹn. Gòjé òyìnbó kékeré ń han létí mi, ṣùgbọ́n tìẹ ń rọra sọ̀rọ̀ ní tiẹ̀, bí àgbà tó jókòó sẹ́yìn."

"Ẹ gbọ́ ọ?"

"Etí mi ò di. Mo gbọ́ ọ títí fèrè fi dún."

Ó dìde, ó bẹ̀rẹ̀ sí í yí àwọn ẹja tó ti wà lórí iná tẹ́lẹ̀, ọ̀kọ̀ọ̀kan, láti ẹ̀gbẹ́ kan sí èkejì. Hadassah gbójú sókè. Lábẹ́ gbogbo páànù tó tò létí omi, bẹ́ẹ̀ náà ni àwọn obìnrin yòókù jókòó, wọ́n ń yí ẹja, wọ́n ń ju ọ̀rọ̀ síra wọn láti ààrò dé ààrò. Àwọn kan náà tí wọ́n sáré jáde nílé ìjọsìn ni. Kò sí èyí tó ń sáré nínú wọn mọ́.

"Mọ́mì, báyìí tí ẹja ti wà lórí iná, ṣé ẹ ṣì ń lọ síbì kan?"

"Níbo ni mo fẹ́ lọ? Ẹni tó bá fi ẹja sílẹ̀ lórí iná, èédú ló máa padà wá bá."

"Títí dìgbà wo?"

"Títí tó fi máa gbẹ."

Hadassah fọ ẹja kan tán kí ó tó sọ̀rọ̀. "Tá a bá wá bá yín níbí ńkọ́? Tí ọkọ̀ bá ti dé, tí ẹ ti gbé ẹja kaná. Àwa á jókòó sí ẹ̀gbẹ́ kan."

Ìyá rẹ̀ dá ọwọ́ dúró. "Ṣé ò ń sọ fún mi ni, àbí ò ń bi mí?"

"Mò ń bi yín."

"Èéfín wà níbí."

"Mo mọ̀."

"Ẹja ń rùn. Aṣọ yín á rùn."

"Mo mọ̀, Mọ́mì. Inú ẹ̀ náà lẹ ti tọ́ mi."

"Jẹ́ kí n bá àwọn tó kù sọ̀rọ̀. Èmi nìkan kọ́ ni mo ni ìdí ẹja."

Òkè ilé ìtẹ̀wé bàbá Tàwàkálítù ní Ṣómólú ni wọ́n ti máa ń fi orin dánra wò. Bí ẹ̀rọ ìtẹ̀wé bá ń lù nísàlẹ̀, wọ́n á dúró. Bó bá dákẹ́, wọ́n á bẹ̀rẹ̀. Lọ́jọ́bọ̀ náà, Hadassah kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tú àpótí rẹ̀ kó tó sọ tẹnu rẹ̀.

"Àṣìṣe mi ni," ló sọ. "Àwọn ló ni ibẹ̀, mo wá lọ fún wọn láago. Mi ò bi wọ́n. Wọ́n ní ká wá bá wọn nídìí ẹja. Gbogbo wọn ti gbà."

"Nídìí iná?" ni Fọlájìmí bi í.

"Ní ẹ̀gbẹ́ iná."

Fọlájìmí ṣí àpótí rẹ̀, ó sì kọ ojú rẹ̀ sí wọn. "Fáólìn yìí, bàbá bàbá mi ló ń lò ó ní ṣọ́ọ̀ṣì. Pákó rẹ̀ ti dàgbà ju bàbá mi lọ. Tí ooru bá mú un, ó lè là. Mi ò kórìíra àwọn èèyàn ẹ, Hadassah. Ṣùgbọ́n tó bá là, ta ló máa bá mi tún un ṣe?"

Òótọ́ ló sọ, Hadassah sì mọ̀. Ṣẹ́lò tirẹ̀ pàápàá, ọ̀dọ̀ olùkọ́ rẹ̀ ló ti yá a.

"Mi ò lè fi tipátipá mú ẹ," ló dáhùn. "Tó o bá fẹ́ kó gbogbo ẹ̀ lọ sí Ọbaníkòró, mi ò ní jà. Ṣùgbọ́n mo ti ṣèlérí fún wọn. Èmi máa lọ, kódà kó jẹ́ èmi nìkan."

"Ṣẹ́lò nìkan?" ni Kọ́ládé sọ. "Á dà bí ìgbà tí erinmi bá sọ ilé nù. Mò ń bá ẹ lọ. Fióla tèmi, èéfín ò lè bà á jẹ́ ju bó ṣe wà yìí lọ."

"Èmi ní bàtà tí mo fẹ́ lọ gbà," ni Tàwàkálítù sọ.

Wọ́n wo Fọlájìmí. Ó pa àpótí rẹ̀ dé. "Ẹ jẹ́ kí n rò ó," ló sọ. Ẹ̀rọ ìtẹ̀wé sì tún bẹ̀rẹ̀ sí í lù nísàlẹ̀.

Ọ̀sán ọjọ́ kan ni fóònù Hadassah dún. Ìyá rẹ̀ ni. "Wọ́n ti ń yọ lókèèrè," ló sọ, ó sì gbé fóònù sílẹ̀. Hadassah pe àwọn mẹ́ta yòókù, ó gbé ṣẹ́lò pọ̀n, ó sì wọ kẹ̀kẹ́ Márúwá láti Akọka, apá kan ṣẹ́lò náà yọ síta bí èrò tí kò ríbi jókòó sí.

Àwọn obìnrin ti gbá ojú pákó. Wọ́n ti ta tapólì kan láti òpó dé òpó kí èéfín lè gba òkè lọ. Ìyá Japhet ti fọ bàtà Tàwàkálítù, ó sì fi ọwọ́ méjèèjì gbé e fún un. "Ọmọ mi, má bínú. Ìkánjú ni. Mo ti dé etí omi kí n tó mọ̀ pé ẹsẹ̀ mi ń dùn mí."

Wọ́n gbé ẹja kaná. Àwọn mẹ́ta náà jókòó, àyè ẹnì kan ṣófo láàárín wọn. Hadassah ti ń ro orin tí wọ́n lè ta láìsí fáólìn àkọ́kọ́ nígbà tó rí Fọlájìmí tó ń bọ̀ lórí pákó, tó ń wo ẹsẹ̀ rẹ̀, tó di àpótí fáólìn mọ́ àyà bí ẹni gbé ọmọ tuntun.

"Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ìyá wa," ló sọ, ó sì tẹ̀ ba. "Ẹ jọ̀ọ́, ìhà ibo ni afẹ́fẹ́ máa fẹ́ sí nírọ̀lẹ́?"

Ìyá Hadassah wo ọmọ rẹ̀. "Èyí mọ ìbéèrè í bi," ló sọ. Ó tọ́ka sí ibi tí ó yẹ kí Fọlájìmí jókòó sí.

"A rò pé o ti dé Ọbaníkòró," ni Kọ́ládé sọ fún un.

"Yí okùn rẹ sí ohùn," ni Fọlájìmí dáhùn.

Kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀, ó kọjú sí àwọn obìnrin náà. Hadassah ń retí pé ó máa ní kí wọ́n dákẹ́. "Ẹni tó kọ orin yìí ti kú tipẹ́," ló sọ. "Kì í ṣe gbọ̀ngàn ló kọ ọ́ fún. Ó kọ ọ́ fún ọ̀rẹ́ mẹ́rin, kí wọ́n máa ta á nínú yàrá, kí àwọn ará ilé máa gbọ́. Ẹ máa bá iṣẹ́ yín lọ."

Wọ́n sì ń bá iṣẹ́ wọn lọ. Wọ́n ń koná, wọ́n ń yí ẹja, wọ́n sì ń sọ̀rọ̀ lórí orin náà bí ẹni ń wo àwọn aládùúgbò láti ojú fèrèsé. Nígbà tí fáólìn méjèèjì bẹ̀rẹ̀ sí í dá ara wọn lóhùn, Ìyá Japhet sọ pé, "Ẹ gbọ́, wọ́n ti ń jà." Obìnrin kan dáhùn láti ààrò tirẹ̀ pé, "Wọn ò jà. Èyí ọkùnrin ló ń bẹ̀ ẹ́, òun ni ò gbà." Tàwàkálítù bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín, ọ̀pá rẹ̀ sì fẹ́rẹ̀ẹ́ yọ́ kúrò lórí okùn.

Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n dé apá tó lọ́ra, ọ̀rọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í tán lẹ́nu wọn fúnra rẹ̀. Ẹnikẹ́ni ò ní kí wọ́n dákẹ́. Epo ẹja ń kán sínú iná. Omi ń lu òpó lábẹ́ wọn. Hadassah kò gbójú sókè, ó ń bẹ̀rù ohun tó lè rí. Ìgbà tó wò, ìyá rẹ̀ ní ẹja kan lọ́wọ́ tí kò tíì yí, ó kàn dì í mú, orí rẹ̀ tẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

Afẹ́fẹ́ yí. Èéfín bọ́ sábẹ́ tapólì, ó sì ń bọ̀ tààrà sọ́dọ̀ ṣẹ́lò. Ìyá Hadassah gbé ẹja náà sílẹ̀. Ó dìde, ó fa pákó pẹlẹbẹ kan tó fara ti òpó, ó sì dúró láàárín ààrò àti ọmọ rẹ̀, ó ń fi pákó náà lé èéfín sẹ́yìn, jẹ́jẹ́, jẹ́jẹ́, kí ó má baà pariwo. Ibẹ̀ ló dúró sí títí orin náà fi parí.

Ìyá Japhet wo Fọlájìmí. "Ọ̀gá, ṣé a lè pàtẹ́wọ́ báyìí?"

"Ẹ pa á, Mọ́mì," ni Fọlájìmí sọ. Ó bọ́ awò ojú rẹ̀, ó nù ún. Wọ́n sì pa á láti ààrò dé ààrò.

Ìyá Hadassah kò pàtẹ́wọ́. Ó ti padà sídìí ẹja rẹ̀.

"Ṣé ìyẹn ni mo fi sílẹ̀ lọ sétí omi lọ́jọ́sí?" ló bi ọmọ rẹ̀.

"Òun ni."

Ìyá rẹ̀ mi orí. Ó yí ẹja kan, ó tún yí òmíràn. "Ó dùn," ló sọ. "Ṣùgbọ́n tí wọ́n bá tún fọn fèrè, màá dìde o."

"Mo mọ̀, Mọ́mì. Ẹ dìde."

Fọlájìmí ti yọ fóònù rẹ̀. "Ẹ̀yin ìyá, a fẹ́ máa wá. Ọjọ́ wo ni kí n kọ sílẹ̀?"

Àwọn obìnrin náà wo ara wọn. "Ọjọ́ wo ni yóò kọ?" ni ìyá Hadassah sọ. "Omi ló máa sọ."

Fọlájìmí wo ojú fóònù náà títí iná rẹ̀ fi kú. Ó tì í bọ àpò. "Tí wọ́n bá ti ń yọ lókèèrè, ẹ ní kí Hadassah pè mí," ló sọ. "Akọka ò jìnnà."

Hadassah ti ń dẹ okùn ọ̀pá ṣẹ́lò rẹ̀ kí ó lè gbé e sínú àpò. Ìyá rẹ̀ rí i.

"Kí lo ń tú?"

"A ti parí, Mọ́mì."

"Ẹja ò tíì gbẹ," ni ìyá rẹ̀ sọ.

Hadassah wo Fọlájìmí. Fọlájìmí tún ń ṣí ìwé orin rẹ̀. Hadassah fún okùn ọ̀pá náà le padà, ó fa ṣẹ́lò mọ́ orúnkún, ó sì ń dúró de ohùn àkọ́kọ́.